Ọjọ́ Tí Dádì Di Aládùúgbò

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ní kí n gbé e jáde fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní ọwọ́ òun mọ klípà ju bírò lọ. Mo ní, "Ṣé kí n sọ gbogbo ẹ̀?" Ó ní kí n sọ gbogbo ẹ̀, kí n má fi nǹkan kan bò. Ó dáa náà. Tí wọ́n bá wá ní mò ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri, ẹ bá mi jẹ́rìí pé wọ́n rán mi níṣẹ́ ni.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin yìí. Ó ń gẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní dígí ńlá méjì àti àga aláwọ pupa tó ń yí bìrí. Ìyàwó ẹ̀ ń ránṣọ nínú pálọ̀ wọn: kọ́tìnnì, aṣọ tábìlì, ohunkóhun tí ẹ bá ṣáà ti gbé wá. Ìyá ẹ̀ ń bá wọn gbé. Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún méje. Lọ́yà ni gbogbo wa ń pè é, torí pé bí ẹ bá kí i pé ó kú àárọ̀, á bi yín pé ẹ̀rí wo lẹ ní pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀yìn ògiri wọn ni èmi ń gbé. Kò sóhun tí wọ́n sọ nílé yẹn tí mi ò gbọ́. Kì í ṣe pé mò ń fetí kọ́ o, ògiri ló fẹ́lẹ́.

Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, onígbàjámọ̀ á jókòó sórí àga nínú pálọ̀, Lọ́yà á gun àpótí lẹ́yìn ẹ̀, á máa fi ìyarun pín irun orí ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bíi pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ẹ̀ á máa ká aṣọ tó gbẹ. Màmá á máa ráhùn pé wọn ò fi ibọ̀sẹ̀ òun méjèèjì síbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi onígbàjámọ̀ nígbà náà pé kí ló ṣe lọ́jọ́ Àìkú, ohun tó máa sọ ni pé, "Mi ò ṣe nǹkan kan."

Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó jókòó, wọ́n daṣọ bò ó, àfi bó ṣe tẹjú mọ́ onígbàjámọ̀ nínú dígí.

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ojú yín jọ ojú bàbá?"

"Bàbá náà ni mí."

"Mo mọ̀. Irú bàbá tí wọ́n ń gbé sára pátákó ìpolówó ni mò ń sọ. Irú èyí tó jẹ́ pé tó bá ti rẹ́rìn-ín, èèyàn á kàn fẹ́ ra nǹkan."

Onígbàjámọ̀ wo ara ẹ̀ nínú dígí. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tó ti ń dojú kọ dígí kan náà láti àárọ̀ dalẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara ẹ̀.

Àṣé ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe tábìlì ìjẹun ló ń wá bàbá tí wọ́n máa yà ní fọ́tò. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni iṣẹ́ náà. Ayàwòrán yìí wá dárúkọ iye tí wọ́n máa san. Ẹ̀yin èèyàn mi, klípà yọ̀ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó la títì sẹ́yìn orí ọlọ́rí.

"Kí nìyẹn?" ni oníbàárà fi igbe ta.

"Àṣà tuntun ni, sà. Òun ló lòde báyìí." Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó rọra béèrè pé, "Ìyàwó mi àti ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kí n mú wọn dání?"

"Rárá o. A ti rí ìyàwó. A ti rí ọmọ méjì. Bàbá nìkan ló ṣẹ́ kù."

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ẹni tó ní ìyàwó nílé, tó ní ọmọ nílé, tí wọ́n ní kó wá bá ìyàwó ẹlòmíì jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ó yẹ kó ní, "Ẹ ṣeun, mi ò ṣe." Ohun tí tiwa sọ ni pé, "Aago mélòó ni kí n dé?"

Kò lè sọ ọ́ nílé. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun máa bi òun pé kí ló dé tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n máa yà, kò sì ní èsì kankan tó máa fún un. Ló bá purọ́ pé olówó kan ló ń pe òun wá sílé, kí òun wá máa gẹrun fún tilé-toko ẹ̀.

"Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú."

Màmá gbórí sókè níbi tó ti ń wá ibọ̀sẹ̀. "Irú irun wo nìyẹn? Ṣé àgùntàn ni wọ́n ni?"

Lọ́yà ní, "Dádì, ẹ̀rí ńkọ́?"

"Ẹ̀rí wo? Ṣé kóòtù la wà ni?" Ó gbé báàgì ẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán, iná mọ́lẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí òógùn ń bo gbogbo wọn. Tábìlì ńlá wà láàárín, èso orí ẹ̀, ike ni gbogbo wọn. Obìnrin arẹwà kan jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tí kámẹ́rà bá ti fẹ́ ṣí á tì í sẹ́yìn eyín. Ìyàwó Fọ́tò ni onígbàjámọ̀ ń pè é títí dòní. Àwọn ọmọ méjèèjì ń ta ara wọn ní ìpá lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá, ẹ wò wọ́n bíi pé ẹ̀yin lẹ bí wọn!" ni ayàwòrán ń pariwo. "Ẹ rẹ́rìn-ín! Háà! Èyí dà bí ẹ̀rín ẹni tí bàtà ń fún!"

Wọ́n yà á títí, kò dára. Ìyàwó Fọ́tò ló wá rọra sọ sí i létí pé, "Ronú ọmọ tìẹ. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn."

Onígbàjámọ̀ wá rántí ọjọ́ tí Lọ́yà gun àga, tó pe Màmá lẹ́jọ́ lórí bisikíìtì tó pòórá, tí Màmá ń rojọ́ pẹ̀lú bisikíìtì lẹ́nu. Ẹ̀rín náà bá wá fúnra ẹ̀. Ojú ẹ̀ rọ̀, ojú ẹ̀ tàn, ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín kò bú.

"Ìyẹn! Ìyẹn gan-an! Ẹ má mira!"

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ má bi mí pé mélòó, kì í ṣe èmi ni wọ́n san án fún. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ló ti yọ owó tó fi ra tábìlì yẹn gan-an, wọ́n dín in kù fún un. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, ó gba gbogbo pálọ̀ tán. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò ṣí já mọ́. Màmá ní láti máa fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó lè débi omi.

"Kí ni ká máa fi èyí ṣe?" ni Màmá ń bi wọ́n. "Ṣé a fẹ́ gbàlejò ìjọba ni?"

"Ẹ̀ẹ́ máa jókòó jẹun níbẹ̀ ni, Màmá. Gbogbo ìdílé."

"Lọ́jọ́ wo? Ṣé ìwọ náà á wà ńbẹ̀?"

Ìyàwó ẹ̀ kó aṣọ tí kò tíì rán lé orí tábìlì, ọ̀rọ̀ yanjú.

Láìpẹ́ ni Máníjà ilé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pè é. Ó ní àwọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, àwọn sì fẹ́ bá a ṣe àdéhùn ọdún kan gbáko, fọ́tò, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́ wá sí ìṣílé náà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ inú fọ́tò. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ̀ẹ́ ní ìdílé yín ni. Àwọn èèyàn kì í ra tábìlì ìdílé lọ́wọ́ òṣèré."

Onígbàjámọ̀ gbé e yẹ̀ wò láti ibẹ̀ dé ilé. Ó ní irọ́ kékeré ni, ìṣẹ́jú péréte sì ni. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ìyàwó ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ lórí máṣíìnì.

"Mo ríṣẹ́ ńlá kan o."

"Ẹn-ẹn."

"Àwọn tó ta tábìlì yìí fún ẹ ni. Wọ́n rí iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ oníbàárà kan. Wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa rán gbogbo aṣọ tí wọ́n máa lò níbẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"O ò gbọ́ mi."

"Mò ń gbọ́ ẹ jàre."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri gbọ́ ọ ketekete, òun tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò gbọ́.

Bó ṣe di àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣílé nìyẹn. Onígbàjámọ̀ wọ kóòtù, Ìyàwó Fọ́tò fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá, àwọn ọmọ méjèèjì wà níwájú. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́. Lára ògiri, aṣọ aláwọ̀ ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan bo fọ́tò tó ga ju èèyàn lọ. Obìnrin kan kẹ́yìn sí wọn, ó ń tún etí aṣọ náà ṣe, píìnì wà lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ kékeré kan bá a di agolo píìnì mú.

Onígbàjámọ̀ mọ ẹ̀yìn obìnrin náà. Ẹ wo wàhálà! Ó mọ ọmọ náà. Ó sá sẹ́yìn ìkòkò òdòdó kan tí kò tó orúnkún ẹ̀.

Máníjà gbé máìkì, ó kí gbogbo ayé, ó fa okùn kí aṣọ já bọ́ sílẹ̀. Aṣọ há. Ó tún fà á. Aṣọ ò gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá aránṣọ, ẹ bá wa tú u."

Bí ìyàwó onígbàjámọ̀ ṣe gun àpótí nìyẹn o, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tú aṣọ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán, ó sì já wálẹ̀ wìì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó yíjú láti wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló rí, gàgàrà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó dìrọ̀ mọ́ obìnrin kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ méjì.

Kò pariwo. Píìnì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́yà ló pariwo. "Mọ́mì, Dádì nìyẹn! Dádì mi ló wà nínú fọ́tò!" Ó wò yíká, ó sì rí i lẹ́yìn òdòdó. "Òun ló tún wà níbẹ̀ yẹn! Dádì!"

Máníjà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó rìn lọ bá onígbàjámọ̀, ó na máìkì sí i lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ta ni ọmọ yìí sí yín?"

Onígbàjámọ̀ sọ fún mi pé òun rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àdéhùn ọdún kan, ojú Máníjà, ojú ọmọ òun. Ó ní òun fẹ́ sọ òótọ́. Ẹnu ẹ̀ ló ti yára jù ú lọ.

"Ọmọ aládùúgbò wa ni," ló wí. "Gbogbo èèyàn ló máa ń pè ní Dádì."

Sípíkà gbé e jáde láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà mà yayì o.

Ìyàwó ẹ̀ yọ píìnì kúrò lẹ́nu, ó rọra ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Aládùúgbò ni wá. Ẹ kú oríire o, Bàbá Àwọn Ọmọ." Ó fa Lọ́yà lọ́wọ́. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn wo bàbá ẹ̀ bí ẹni ń wo ẹni tí kò rí rí, ó sì tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ jáde.

Ìgbà tí onígbàjámọ̀ máa fi délé, ó ti kó àwáwí jọ lóríṣiríṣi. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ẹ̀ ṣí i, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ.

"Háà, ẹ káàbọ̀ o, aládùúgbò. Ẹ wọlé. Ṣé kò sí o?"

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ará ilé ńkọ́? Ìyàwó dáadáa? Àwọn ọmọ méjèèjì, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa?"

Ẹ gbọ́ mi, obìnrin tí kò pè é ní "ẹ" rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé!

Màmá fẹ̀gbẹ́ kọjá lára tábìlì, ó jáde sí wọn. "Ta ló wá?"

"Aládùúgbò ni, Màmá."

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ẹ jókòó, sà."

Sà! Ìyá tó bí i lọ́mọ!

"Màmá, èmi ni o!"

"Ẹ̀yin ta ni? Ọmọ tí mo bí, ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀yin, mo gbọ́ pé méjì ni tiyín."

Lọ́yà gbé omi wá nínú ife dígí, èyí tí wọ́n fi ń gba àlejò, ó gbé e sínú tíréè, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ gba omi, sà."

"Lọ́yà, Dádì ni."

"Dádì ò sí nílé, sà. Ṣé ẹ níṣẹ́ tí mo lè bá yín jẹ́ fún wọn?"

Ó ní òun ì bá fẹ́ kí ọmọ náà bú òun, kó lu òun, kó fi ìgbálẹ̀ lé òun jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣe é jẹ́jẹ́, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ń dúró de èsì.

Ó sá wá bá mi lẹ́yìn ògiri. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Èmi kẹ̀? Aládùúgbò ni mí. Ìwọ náà aládùúgbò. Ta ló máa wá bá ta bẹ ta?" Mo mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi. Láti ọdún tí mo ti ń gbé àdúgbò yẹn, mi ò sẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni rí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lò o. Wọn ò lé e, wọn ò bá a jà. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn, ìyàwó ẹ̀ ní yàrá ò bójú mu fún àlejò. Tó bá jẹun tán, wọ́n á dúpẹ́ pé ó wá kí àwọn. Ó jókòó nìkan sídìí tábìlì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ bí ilé ṣe ń lọ láìsí òun: máṣíìnì ń ké, Lọ́yà àti Màmá ń ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tó parí ọṣẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀. Tó bá ti yọjú, ẹ̀rín á dákẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ ǹlẹ́, sà." Ó ń wu ọkùnrin yẹn kí wọ́n kàn ráhùn sóun nípa ibọ̀sẹ̀. Wọn ò ráhùn sí i.

Ìyàwó ẹ̀ ló wá dá máṣíìnì dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ṣé o rí owó yẹn," ló wí, "kò dùn mí. Irọ́ tó o pa nípa olówó tó ní irun àgùntàn, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí."

Onígbàjámọ̀ gbọ́ "o" yẹn, ó sáré sún mọ́ ọn. "Ẹ̀rín wo?"

"Èyí tó wà nínú fọ́tò. Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́yà nìkan lo máa ń rín in fún. Èmi gan-an, o ò rín in fún mi rí, mi ò sì bínú. O gbé e lọ tà fún oní-tábìlì."

"Òun náà ni mò ń rò lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń..."

"Ìyẹn ló tún wá burú jù."

Onígbàjámọ̀ tó mú ẹlòmíì rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó jókòó sáàárín aṣọ tí wọn ò tíì rán, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Kí ni kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Èmi, àgbà ni mí, màá gbà á mọ́ra. Kì í ṣe èmi lo sẹ́ lórí máìkì."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó lọ bá Máníjà. Ó ní òun ò ṣe mọ́.

"Ṣé orí yín pé?" ni Máníjà wí. "Àwọn èèyàn ń béèrè yín!"

"Ẹ bá mi wá bàbá míì fún wọn. Tèmi ti tán."

"Ẹ̀ẹ́ dá owó tá a kọ́kọ́ san padà o."

"Ẹ kọ́kọ́ wá gbé tábìlì yín ná."

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé tábìlì, gbogbo àdúgbò ló jáde. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pàṣẹ, "Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀! Ẹ tú u bí ẹ ṣe tú ilé wa!" Ìgbà tó lọ tán, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí gbàragàdà, Màmá sì rìn gba ibẹ̀ lọ tó bọ̀, láìnídìí. Fọ́tò yẹn, wọn ò yọ ọ́ o. Máníjà ní ti ilé iṣẹ́ ni. Ó ṣì wà lára ògiri wọn di báyìí.

Ìyàwó ẹ̀ gbà á padà sí yàrá. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ó fi kún un. Ṣùgbọ́n Lọ́yà ní tiẹ̀ kò yí padà. "Ẹ ṣeun, sà." "Ó dàárọ̀, sà." Onígbàjámọ̀ ra ọmọlangidi fún un. Ó ní, "Mọ́mì ní kí n má gba nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò." Ìyàwó ẹ̀ ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ há ìyàwó ẹ̀ mọ́lé, ló bá ní kó lọ mú ọmọ wá láti ilé ìwé. Kò lọ rí. Màmá olùṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta lẹ wá mú?"

Ó sọ ọmọ tó wá mú fún un.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Èmi ni bàbá ẹ̀."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ẹ dúró ná. Mo mọ ojú yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú fọ́tò ṣọ́ọ̀bù tábìlì? Ẹ̀yin ni! Ìyàwó yín mà lẹ́wà o! Àwọn ọmọ yín méjèèjì ò sí níbí. Kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ?"

Àwọn òbí tó wá mú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ mọ́ wọn. Ẹnì kan ní òun náà mọ̀ ọ́n, òun ra àga níbẹ̀. Ẹlòmíì ní ká ṣọ́ra o, ayé ti dẹ̀rù.

"Ṣé aládùúgbò wọn ni yín ni?" ni màmá olùṣọ́ bi í. "A kì í fi ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́ níbí. Òbí nìkan." Ó yíjú sínú ọgbà, ó ké sí Lọ́yà.

Lọ́yà jáde wá, báàgì wà lẹ́yìn ẹ̀. Màmá olùṣọ́ dì í léjìká mú. "Sọ òótọ́ fún mi. Ta ni ọkùnrin yìí sí ẹ?"

Onígbàjámọ̀ rí i pé ìbéèrè tí wọ́n bi òun níjọ́ yẹn ni wọ́n ń bi ọmọ òun, èrò sì pọ̀ bíi tọjọ́ yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi í," ló wí, ó sọ ọ́ sókè. "Irọ́ ni fọ́tò yẹn. Wọ́n sanwó fún mi ni. Ìyàwó inú ẹ̀ kì í ṣe ìyàwó mi, àwọn ọmọ inú ẹ̀ kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ mi nìyí. Wọ́n bi mí lójú gbogbo ayé, mo ní aládùúgbò ni. Tó bá ní òun ò mọ̀ mí, mi ò ní jà. Màá padà lọ pe ìyá ẹ̀ wá."

Gbogbo wọn wo Lọ́yà. Lọ́yà fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀rí ńkọ́?"

"Béèrè ohun tó o bá fẹ́."

"Eyín mi kan ká lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èwo ni?"

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ náà ò yanu rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀. Onígbàjámọ̀ lè méfò, ti iwájú ló sábà máa ń kọ́kọ́ ká. Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Ó ní ó ti dé orí ahọ́n òun láti sọ pé òkè. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀, Lọ́yà. Kò ṣojú mi."

Ẹnì kan láàárín èrò pòṣé. Màmá olùṣọ́ ti fẹ́ ti géètì.

Lọ́yà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló wí fún màmá olùṣọ́. "Kò ṣojú wọn." Ó bọ́ báàgì lẹ́yìn, ó gbé e fún onígbàjámọ̀, ó kọ́ ọ lọ́wọ́. "Dádì mi ni. Tuntun ni wọ́n, ẹ má pariwo mọ́ wọn."

Wọn ò tíì dé ìkángun òpópónà tí Lọ́yà fi dá bàbá ẹ̀ dúró, ó ní kó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kúnlẹ̀ sórí títì, àwọn èèyàn ń yà fún un. Lọ́yà ya ẹnu gbàù, ó fi ìka tọ́ka sí àlàfo náà.

"Ẹ wò ó dáadáa o, Dádì. Màá tún bi yín lọ́la."